Ìdánwò Oníṣẹ́jú Mẹ́wàá

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fi ṣe ìdánwò tó yẹ kí n fi wákàtí kan ṣe. Mo mọ̀ pé kò tó. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ dá a dúró ni. Ọ̀rọ̀ náà ti lé lọ́dún kan báyìí, síbẹ̀ bí fáànù láptọ́ọ̀pù ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nítòsí mi, ara mi kì í lélẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mò ń pè ní Àǹtí. A ò bá ara wa tan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé tí wọn ò tíì kọ́, kí onílé lè rí yàrá àti fèrèsé rẹ̀ kí bíríkìlà tó po sìmẹ́ǹtì. Mushin ni wọ́n bí i sí. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, nígbà tí bàbá sì kú, ó sọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rẹ́ pákó di ọ́fíìsì. Títí di ìsinsìnyí, bí òjò bá rọ̀, òórùn pákó á máa jáde lára ògiri. Òrùlé páànù ni, kò sí àjà kankan lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà tí oòrùn bá ti mú, àwa náà á máa yọ́ bí òrí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó ti Àǹtí lórí bẹ́ǹṣì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ọjọ́ tó dá mi sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbàdúrà fún mi lójú àwọn àgbà àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èyí o: Àǹtí kì í fi àdúrà ṣeré. Bí ó bá ń gbà á fún ọ, o ò gbọdọ̀ dákẹ́, àmín rẹ ò sì gbọdọ̀ fúyẹ́. Tó bá fúyẹ́, á dúró, á ní kí o tún un ṣe. Lọ́jọ́ yẹn, ó mú mi tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ti wà láyè ara mi ní Àgùdà ni Àǹtí pè mí. Iṣẹ́ ńlá kan ti dé. Àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé-ìwé tuntun ní kó ṣe fíìmù tí èèyàn á fi rìn láti géètì wọ inú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fi han àwọn òbí ọmọ nípàdé. Bó bá wù wọ́n, òun ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà sì ju iṣẹ́ lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn háyà fún ọkùnrin kan tó ń ta ọ̀dà. Wọ́n ní bí Àǹtí bá rí iṣẹ́ gidi kí ọdún tó parí, kó máa lò ó lọ. Bí kò bá rí, kó kó àga rẹ̀ jáde.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gbé fíìmù. Ohun méjì ló wà níwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni káàdì àwòrán kékeré kan, ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán jáde, irú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Yóò wọ inú kọ̀ǹpútà tínrín tó ti ní, kò nílò wáyà iná tirẹ̀, iná tó sì ń jẹ kò ju ti gílóòbù àtijọ́ kan lọ. Ìkejì ni láptọ́ọ̀pù gìrìwò kan tí káàdì inú rẹ̀ lágbára gan-an lórí ìwé, ṣùgbọ́n tí ṣájà rẹ̀ wúwo bíi bíríkì. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ló mú, yóò fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ sí i.

Ọkàn Àǹtí wà lára káàdì kékeré. Ọkàn tèmi wà lára láptọ́ọ̀pù, mi ò sì ní purọ́ fún yín bí mo ṣe pa á fún un: torí pé ó ṣeé gbé ni. Ta ló ń fa kọ̀ǹpútà yọ lábẹ́ tábìlì kó lè yá ọmọṣẹ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù! Màá yọ lọ́jọ́ Jímọ̀, màá dọ̀bálẹ̀, màá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, títí di Mọ́ńdè." Kò ní kọ̀. Kò kọ nǹkan kan fún mi rí.

Yaba la lọ, sí ṣọ́ọ̀bù kan tó tutù nini. Ọ̀gá ibẹ̀ fi káàdì kékeré sínú kọ̀ǹpútà kan, ó gbé láptọ́ọ̀pù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ní kí àwọn méjèèjì ya àwòrán ilé ìdáná kan náà. Láptọ́ọ̀pù ti parí nígbà tí èkejì ṣì wà ní ìdajì. Mo fọwọ́ lu tábìlì.

"Ó yára o," Àǹtí ní. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ ná. Fíìmù ni mo fẹ́ ṣe, kì í ṣe fọ́tò ẹyọ kan."

Ohun tó yẹ ká ṣe gan-an nìyẹn. Mo ti ní kí méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀, àwòrán lé àwòrán, bí fíìmù ṣe máa ń rí. Mo fi ọwọ́ sábẹ́ láptọ́ọ̀pù náà, ó gbóná janjan, nínú òtútù yẹn. Mo mọ̀ pé bó bá gbóná kọjá ààlà, yóò dẹ ìrìn kó má baà jó. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá yọ ṣájà rẹ̀, agbára rẹ̀ ò ní tó ìdajì mọ́. Mo sì mọ òrùlé páànù Mushin ju ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, mo tẹ bọ́tìnì, mo dá a dúró.

"Àǹtí, kí la tún ń wò? Èyí ti nà án pátápátá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre."

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Àǹtí."

"Ìwọ lo mọ tayé ìsinsìnyí. Bó o bá ti ní bẹ́ẹ̀, ó parí."

Mo yá láptọ́ọ̀pù náà lẹ́ẹ̀mejì kí iṣẹ́ ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dá a padà, á ní, "Ṣó ṣe dáadáa fún ẹ?" Inú rẹ̀ a máa dùn pé ó wúlò fún mi. Màá ní ó ṣe dáadáa, màá sì wo ibòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé ló pè mí. "Àbúrò, nǹkan yìí ń rìn bí ẹni tí bàtà ń fún o." Mo sáré lọ. Ẹ̀rọ tó na káàdì kékeré pátápátá ní Yaba ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí mo dúró sí ni wọ́n ti mú iná lọ. Ẹ̀rọ ínfátà Àǹtí, tó ti ń fi bátìrì gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá láìráhùn, pariwo lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a ki ṣájà bíríkì yẹn bọ̀ ọ́, ló bá kú. Lórí bátìrì láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, wákàtí kan ni, ó tán.

Àǹtí kò bú mi. Ó ní ká wá ọgbọ́n dá. Nígbà tí iná dé, a gbé ẹ̀rọ náà lé orí búlọ́ọ̀kù méjì kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀, mo sì mú abẹ̀bẹ̀, mò ń fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń sun àgbàdo. Mo fẹ́ ẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àánú Àǹtí ṣe mí, ojú ara mi tì mí, síbẹ̀ mo ń fẹ́ ẹ lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi kún ojú láptọ́ọ̀pù, ó sì ṣókùnkùn.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú u sílẹ̀, ó mi orí. "Màmá, òjé ni wọ́n fi lẹ káàdì yìí mọ́ bọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ ti orí tábìlì ni, ẹ̀ bá yọ ọ́, ẹ̀ bá fi òmíràn sí i. Èyí, wọ́n jọ kú ni." Kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àǹtí ká ìwé àwòrán ilé sábẹ́ apá lọ sí ìpàdé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé bàbá rẹ̀. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ọ̀pọ̀ tí mo ta Àǹtí ni láptọ́ọ̀pù tí mo lò fún òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà míì mo máa ń bá ara mi ro ẹjọ́ bíi lọ́yà: ṣebí nọ́ńbà agbára tí wọ́n kọ sára láptọ́ọ̀pù ga ju ti káàdì kékeré lọ lóòótọ́? Ó ga. Ta ló ń bi mí nípa nọ́ńbà?

Ọjọ́ tí a kó ẹrù rẹ̀ jáde, mo ti pinnu pé màá jẹ́wọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Àgùdà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ló kọ́kọ́ dójú lé mi. "Ìwọ kọ́ lo yan ẹ̀rọ yẹn fún un?" Kí n tó la ẹnu, Àǹtí ti dá a lóhùn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Tọkàntọkàn ló fi bá mi ṣe é."

Ó ku bẹ́ǹṣì nìkan nínú ilé. Ọlọ́dà ti ń to agolo rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Àǹtí, ọjọ́ tá a lọ sí Yaba yẹn…"

"Dúró ná," ló wí. "Jẹ́ kí n gbàdúrà fún ẹ ká tó ti ilẹ̀kùn bàbá mi." Ó fi ọwọ́ lé mi lórí. "Bó o ṣe dúró tì mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run á fún ẹ lẹ́ni tó máa dúró tì ẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó o ṣe fi òótọ́ inú gbà mí nímọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa gba ìwọ náà nímọ̀ràn."

Mo ṣe àmín.

"Mi ò gbọ́ ọ," Àǹtí ní. "Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe, mo gbé e sókè débi pé ọlọ́dà yíjú wò wá.