Àmù Tí Wọ́n Gbé Sábẹ́ Àpótí Láńre ní Ajah

Òtútù ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Ìbàdàn, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́. Yunifásítì ní kí n lọ yẹ àkọsílẹ̀ ooru àti òtútù tí Láńre, akẹgbẹ́ mi, ń kọ ní Ajah wò, kí n sì fọwọ́ sí i. Abẹ́ olùkọ́ kan náà ni a ti kàwé. Síbẹ̀ òun ni wọ́n yàn láti lọ ka iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní òkè òkun. Ohun tí ó ń sọ ni pé atẹ́gùn òkun ń mú kí ọ̀sán Ajah tutù ju ti àárín Èkó lọ fíìfíì. Bí àbùkù bá wà níbẹ̀, èmi ni yóò lọ dípò rẹ̀. Mo gbàdúrà fún ìrìn àjò ire. N kò dárúkọ irú ire tí mo ń wá.

Ní àwọn ọdún náà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ náírà lọ́wọ́, iyanrìn lásán sì ni ọ̀nà ilẹ̀ Ajah. Mo san àádọ́ta kọ́bọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi ní Ẹbúté Èrò. Kùrukùru bo ọ̀sà, nítorí omi lọ́ wọ́ọ́wọ́ ju afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ lọ. Ooru tí ń gòkè bá òtútù pàdé, ó sì di ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́. Nígbà tí oòrùn là, kùrukùru ká, kẹ́ẹ̀gì epo tí ó wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀ sì wú, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tí ó gbóná ń wá àyè. Ó rọra tú ìdérí rẹ̀. Ó ní bí a ti í ṣe fún ìyàwó òun náà nìyẹn. Ẹni tó bá já a ṣí lójijì yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ìyá Rísì, àgbà obìnrin tí ń yan ẹja, ni ó gba Láńre sílé. Gbogbo agboolé ń pè é ní “Láńre wa”. Ní Ìbàdàn, “ọ̀gá tẹmómítà” ni àwọn aládùúgbò ń pè mí, ẹ̀yìn mi ni wọ́n sì ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá Rísì fún mi ní omi, ó tutù dé eyín. Mo tún béèrè fún òmíràn, mo sì bojú wo ibi tí ó ti ń bù ú: abẹ́ àpótí funfun tí tẹmómítà Láńre wà nínú rẹ̀ ni àmù omi rẹ̀ jókòó sí.

Mo bi í pé ta ló gbé e síbẹ̀.

“Àwa ni, ọ̀gá. Ibòji wà níbẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i. Ṣé ọmọ mi ò ní mu omi tútù ni?”

Inú irú agboolé olómi àmù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Láńre dàgbà. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Omi ń sun jáde lára ìkòkò, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́ kíákíá, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gba ooru afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká. Kì í ṣe atẹ́gùn òkun nìkan ni Láńre ń wọ̀n, ó ń wọn òtútù àmù mọ́ ọn.

“Gbé àmù yẹn kúrò, kí o tún wò ó,” ni mo wí fún Láńre.

Ó gbé e kúrò. A dúró, tẹmómítà gòkè. Láńre wò ó pẹ́.

“Ìwọ lo máa lọ nìyẹn,” ni ó wí. “O ṣáà ti ń fẹ́ ẹ.”

Ìyá Rísì na ìka sí obìnrin kan pé kí ó gbé ààrò ẹja jìnnà sí àpótí pẹ̀lú, bóyá òun náà ń ba iṣẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ti Láńre. “A ò mọ̀ ni, ọmọ mi. Ṣé o máa tún un bẹ̀rẹ̀? Àwa náà á máa bá ẹ ṣọ́ ọ.”

Mo dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó mi bi mí bóyá ìrìn àjò òkè òkun ti di tèmi. Mo ní ó ti di tèmi. Ó yọ̀, ó sáré lọ sọ fún ará ilé kejì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ènìyàn lè gba ipò ẹnìkejì rẹ̀ pátápátá, kí ó sì tún máa jowú rẹ̀. Ní Ajah, wọ́n á ti máa bá Láńre ṣọ́ àpótí náà.