Àfòpiná Inú Àpótí Bàbá Mi

Nígbà tí bàbá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Vickery Meadow lókè òkun, ó ti ń gbàgbé nǹkan. Ó máa ń bi mí ìgbà tí ìyá mi máa dé, ìyá mi tí a ti sin. Ṣùgbọ́n ohun kan ò kúrò lórí rẹ̀: àfòpiná kan tó ti gbẹ, tó fi abẹ́rẹ́ kàn mọ́ inú àpótí onígíláàsì. Íńdíà ló ti mú un bọ̀, níbi tó ti kàwé nípa kòkòrò. Ìyẹ́ iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, tẹ̀yìn dà bíi pupa ẹyin, tòun tàmì dúdú.

Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé e síwájú rẹ̀.

"Bàbá, kí nìyí?"

"Asota ficus," á dáhùn kíá. "Ewé igi ọ̀pọ̀tọ́ làwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Ìdílé Noctuidae ni wọ́n fi í sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún fún un ní ìdílé tirẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ló ti di ará Erebidae."

"Ta ló ní kí wọ́n máa gbé e kiri?"

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọn ò níṣẹ́ ṣe."

A ó rẹ́rìn-ín. Èmi á wá mọ̀ pé bàbá mi ṣì wà nílé.

Ní Sátidé kan tí mo ní iṣẹ́ ní ìlú Grapevine, mo bẹ ẹgbẹ́ àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n jókòó tì í. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àwọn nìkan ló máa ń wá bí mo bá pè. Olórí wọn ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú Farmers Branch. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á di ọ̀gágun ọ̀run. Nígbà tí mo padà dé, òróró àdúrà wọn ló ń rùn nínú ilé.

"Ẹ yin Olúwa, Bùrọ̀dá!" ni olórí wọn wí. "A ti rí ohun tó de ọpọlọ Bàbá mọ́lẹ̀. Kòkòrò òru, tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé yìí, ẹ ò fura?"

"Ohun tí Bàbá fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, sà."

"A ò kúkú dáná sun ún. A kàn ta òróró sí i, a sì nù ún dáadáa."

Lẹ́búlẹ́bú lásán ni àwọ̀ ìyẹ́ àfòpiná. Gbogbo rẹ̀ ti bá aṣọ ìnuwọ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e síwájú Bàbá. Ó wò ó títí.

"Kí lèyí?"

"Asota ficus ni, Bàbá. Erebidae."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ kí olùkọ́ mọ̀ pé kò yé òun. Ó rọra ti àpótí náà padà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ ṣeun, sà," ni bàbá mi wí fún mi. "Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé yín."