Ẹ̀gbà Ọwọ́ tí A Fi Ṣíbí Ṣe

Òórùn àlìkámà ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ tí mo bá ń ti Ajégúnlẹ̀ wọ Àpápá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun kò jìnnà sí wọ́ọ̀fù. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ọ̀nà omi, gbogbo àdúgbò á máa ta sánsán bíi búrẹ́dì tó ń jinná lọ́wọ́, títí eruku sìmẹ́ńtì àti èéfín tírélà á fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn púpọ̀. Ogun abẹ́lé ti parí láti ọdún mélòó kan, náírà ṣì tuntun lọ́wọ́ wa, mo sì ń tẹ táípù ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Ìyá mi ti kú, èmi àti bàbá mi la jọ ń gbé yàrá méjì. Káfíńtà ni bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ìjọ wa sì ni.

Mo ní wárápá. Mo lè sọ ọ́ báyìí kí ohùn mi má gbọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, a kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa. “Ọ̀rọ̀ yẹn” ni bàbá mi máa ń pè é. Oògùn tí wọ́n ń fún mi ní ọsibítù ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó lè tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó tún gbé mi ṣubú. Nínú ilé ló sì ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù, níbi tí bàbá mi á ti sáré mú ṣíbí, á fi là mí lẹ́yín kí n má baà gé ahọ́n mi jẹ. Eyín mi kan lókè ti fọ́ létí nítorí ìfẹ́ yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni mo wá ṣubú níta. Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, oòrùn mú gan-an, àwọn tírélà sì tò lọ gbọọrọ lẹ́bàá ọ̀nà wọ́ọ̀fù. Mo rántí obìnrin kan tó ń bó ọsàn, bí èèpo rẹ̀ ṣe ń gùn tí kò já. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò rántí nǹkan kan mọ́. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wà, aṣọ mi tutù, ó ń rùn fún kẹrosíìnì tí ẹnì kan dà sí mi lára pé kí n lè jí, bàtà àti báàgì mi sì ti lọ. Àwọn ènìyàn yí mi ká, ṣùgbọ́n òkèèrè ni wọ́n dúró sí, bí ẹni tó ń wo ilé tó ń jó. Ohun tí gbogbo wọn gbàgbọ́ ni pé itọ́ ẹni tí wárápá mú a máa ràn. Mo gbọ́ tí dírẹ́bà kan ń wí pé, “Ẹ má súnmọ́ ọn o. Ó lè jẹ́ ọtí, ó lè jẹ́ nǹkan míì.” Mo fẹ́ sọ orúkọ mi fún wọn, ahọ́n mi wúwo. Ó pẹ́ kí ara mi tó balẹ̀ tí mo fi lè dìde, ẹsẹ̀ lásán ni mo sì fi rìn délé. Bàbá mi ti wá mi dé ọsibítù méjì. Nígbà tó rí mi, ó jókòó sórí ìloro.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbi tí mo ti ń gba oògùn, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Nígbà tí a ròyìn fún un, bàbá mi ló kọ́kọ́ dojú kọ. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣíbí yẹn sílẹ̀. Tó bá ti mú un, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú ọrùn aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í títí á fi jí.” Ó wá ṣí ìwé ìròyìn òkè òkun kan, ó fi àwòrán ẹ̀gbà ọwọ́ hàn wá, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ àìsàn sí, kí ẹni tó bá rí alárùn náà nílẹ̀ lè mọ ohun tí yóò ṣe. Tí a bá ní ká kọ̀wé béèrè ọ̀kan láti ọ̀hún, owó oṣù mi méjì kò ní tó o. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ wá èyí tí agbára yín ká. Ohun tó wà lára rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.”

Nígbà tí a délé, bàbá mi béèrè, “Tí a bá kọ ọ́ sí ọ lọ́wọ́, ọkùnrin wo ló máa kà á tí kò ní sá?” N kò lè bínú sí i, nítorí èmi náà ti rò ó. Mo kàn dáhùn pé, “Bàbá, àwọn tó sá lọ́jọ́sí, wọn ò rí nǹkan kan kà.” Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Láàárọ̀ Sátidé, ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní ká lọ.

Ilé alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní Àpápá la kọ́kọ́ dé. Ó mú ẹ̀gbà góòlù jáde, ó mú ti fàdákà jáde, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí owó rẹ̀, ta ni yóò ṣubú lójú títì pẹ̀lú góòlù lọ́wọ́ tí yóò jí bá a níbẹ̀? Òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wá ronú kan idẹ. Mo yá ẹ̀gbà idẹ aládùúgbò wa kan wọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, òógùn mi sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, ó sì ń yún mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó alàgbà kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n ti ń fi òrìṣà wò mí. Mo gbìyànjú ọ̀rá tí a fi káàdì sínú rẹ̀, òjò kan ṣoṣo ló pa á.

Ọkùnrin tó wá bá wa yanjú rẹ̀ ń jókòó sábẹ́ agboòrùn ní ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ Ùròbò ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa fín orúkọ ìyàwó tuntun sára ìkòkò àti abọ́. A sọ ọ̀rọ̀ náà fún un láìfi bò, bàbá mi ló tilẹ̀ sọ ọ́, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ “wárápá” lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú, ó fi okùn wọ̀n ọ́n, ó wá tú àpótí rẹ̀ wò. Ṣíbí ló mú jáde, ṣíbí ńlá tí irin rẹ̀ kì í dípẹtà. “Dis one no go rust, e no go scratch you, thief no go look am,” ló wí. Ó ní òun máa gé orí rẹ̀ kúrò, òun á lu ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, òun á sì ká a yí ọrùn ọwọ́ mi. Bàbá mi wo ṣíbí náà, ó wo eyín mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ń wò wá, kò mọ ohun tó ṣe wá.

Ọ̀rọ̀ tí a máa kọ ló wá pẹ́ jù. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ òyìnbó tí Nọ́ọ̀sì kọ fún wa sórí ìwé, ìlà mẹ́rin. Afínrúkọ kà á, ó ṣàtúnkà, ó sì béèrè pé, “My sister, who go read dis grammar for Boundary?” Òótọ́ ni. Ìbò, Ìjọ́, Haúsá àti Yorùbá ló ń kọjá níwájú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí lẹ́tà bá sì ṣe pọ̀ tó ni owó rẹ̀ ń pọ̀ tó. A ń gé e, a ń gé e, títí ó fi ku WARAPA. NO FEAR. TURN ME FOR SIDE. Ó fín orúkọ mi àti ti ṣọ́ọ̀bù bàbá mi sínú rẹ̀ níhà tó kan ara.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi aṣọ alápá gígùn bò ó. Níkẹyìn, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwa atẹ̀táípù rí i nígbà tí mo na ọwọ́ mú ìwé. Ó kà á. Ó béèrè pé, “Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún la ó yí ọ sí ni, àbí òsì?” Mo ní èyíkéyìí. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó tún gbé mi ṣubú, ní àárín ọjà Boundary. Nígbà tí mo jí, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi lélẹ̀, ìró tí wọ́n ká ni mo fi ṣe ìrọ̀rí, bàtà mi méjèèjì wà nítòsí. Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ jókòó tì mí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi. Kò mọ̀wé. Ó ní bí òun ṣe rí irin lọ́wọ́ mi tí òun rí i pé wọ́n kọ nǹkan sí i, òun fa oníbàárà òun kan láṣọ pé kó wá kà á. Wọ́n ti rán ènìyàn sí bàbá mi. “Ta ló ṣe èyí fún ẹ?” ló béèrè. Mo sọ fún un. Ó fọwọ́ pa irin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Mo ní ọmọbìnrin kan nílé. Ó jù ọ́ lọ díẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti kọjá ẹnu ọ̀nà wa, torí n kò gbà fún un.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti bàbá mi mú àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ afínrúkọ. Ọmọbìnrin náà ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di ìyá rẹ̀ mú. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, pé kó má jẹ́ kó fún un jù torí ọwọ́ a máa wú nínú ooru, pé kí ọ̀rọ̀ má pọ̀, kí wọ́n má sì fi òyìnbó tó le sí i. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní òun fẹ́ òdòdó kan ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ìyá rẹ̀ ní kí ni wọ́n fẹ́ fi òdòdó ṣe. Afínrúkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fín in, ó ní ti òdòdó, ọ̀fẹ́ ni.

Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá lóòótọ́ ni ọkọ̀ òkun ga ju ilé lọ, bí èèyàn bá dúró sí Àpápá wò ó. Ìyá rẹ̀ fẹ́ dáhùn, ó wá ní kí n mú un lọ wò ó. Èmi àti òun nìkan la lọ. A dúró síbi tí èèyàn ti lè rí omi, ó ń ka ọkọ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí àsíá wọn, n kò sì mọ ìlú tí ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Kò ṣubú lọ́jọ́ náà, èmi náà kò ṣubú. Títí di ìgbà yẹn, mo ti ń rò pé nítorí ọjọ́ tí àìsàn bá mú mi ni mo ṣe ń wọ ẹ̀gbà náà. Ẹ̀gbẹ́ omi níbẹ̀ ló ti wá yé mi pé àwọn ọjọ́ tí kò mú mi ló wúlò fún jù, gbogbo ọjọ́ pípọ̀ wọ̀nyẹn tí mo lè jáde nílé, kí n lọ síbi tó wù mí.