Ògbufọ̀ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Òórùn ọṣẹ ni mo fi ń rántí Oregun. Ilé-iṣẹ́ tó ń se ọṣẹ fara ti ọ́fíìsì wa, tí atẹ́gùn bá fẹ́, omi á máa dà lójú èèyàn bí ẹni ń rẹ́ àlùbọ́sà. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà yẹn, gbogbo wa rò pé nǹkan máa tó dáa. Èmi àti ọ̀gá mi, bàbá Èkìtì kan tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ń ṣe ohun kan táwọn èèyàn fi ń sọ pé orí wa ti dàrú.

Ògbufọ̀ là ń pè é: ètò tó ń gba ohun tí èèyàn kọ, tó ń sọ ọ́ di èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Bàbá fẹ́ káwọn tó ń darí ẹ̀rọ nílé ọṣẹ lè fi Yorùbá pàṣẹ fún ẹ̀rọ wọn. Èdè C, ọ̀kan lára èdè kọ̀ǹpútà táwọn òyìnbó ṣe, la kọ́kọ́ fi kọ ọ́, àmọ́ bàbá ní ìyẹn ò tíì tó. Wọ́n ní èdè àṣẹ tuntun tá a fi Yorùbá ṣe yẹn gan-an la gbọ́dọ̀ fi tún un kọ, kó lè máa túmọ̀ ara ẹ̀, kó má gbára lé ẹnikẹ́ni mọ́. Kíndìnrín wọn ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wú débi pé sálúbàtà nìkan ló ń gbà wọ́n. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí i kí wọ́n tó lọ, wọn ò sì fi pa mọ́ fún mi.

A pín in, wọ́n kọ apá kan, mo kọ ìkejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ògbufọ̀ tuntun túmọ̀ ara ẹ̀ láìkọsẹ̀. Bàbá bọ́ sálúbàtà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà gígùn bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní, "Àbúrò, pa ti àtijọ́ rẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká ṣì fi í sílẹ̀ ná, sà."

"Ẹni tó bá fọwọ́ lé ohun ìtúlẹ̀ kì í wẹ̀yìn."

Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ta ni mí tí màá bá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àdúrà jiyàn? Mo pa á rẹ́, àti gbogbo ẹ̀dà ẹ̀. Ìtẹríba yẹn ń bí mi nínú títí dòní.

Lọ́jọ́ Ajé, a ṣe àtúnṣe kékeré kan, a ní kó tún ara ẹ̀ túmọ̀, tuntun sì gorí ti tẹ́lẹ̀. Àṣé àṣìṣe kan ti sá pa mọ́ sínú ẹ̀. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tá a bá fún un, ńṣe ló ń dákú. Gbogbo ohun tá a fi èdè tuntun yẹn kọ wà lórí ìwé, ó pé pérépéré, àmọ́ kò sí ògbufọ̀ tó lè kà á fún kọ̀ǹpútà mọ́ láyé. A wá dà bí ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́nú ilé. Bàbá wo ojú kọ̀ǹpútà títí, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sinmi. Wọn ò padà wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́sibítù n'Íkẹjà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ṣé ibi tèmi ló ti bàjẹ́?"

Mi ò mọ̀. Mo ní, "Ẹ má ro ìyẹn, sà." Wọ́n mi orí bí ẹni tó ti gba ẹ̀bi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kú.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tún ti èdè C kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n lè rí ohun tó máa ka ìwé bàbá. Gbogbo ibi tí wọ́n kọ ló mọ́ kedere. Apá tèmi ni àṣìṣe wà, ìlà kan ṣoṣo, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí ení nígbà tó yẹ kó jẹ́ òdo.

Ìwọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ yìí lónìí, o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò lè pa nǹkan àtijọ́ rẹ́. Kì í ṣe pé mo ń ṣọ́ra jù. Bàbá yẹn gbé ẹ̀bi mi lọ sí sàréè, mi ò sì mọ ibi tí mo ti lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn.