Ìka Bàbá Mi Tí Dókítà Rán Pọ̀

Kò sẹ́ni tó bẹ bàbá mi níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n wá kí mi láti Ẹ̀pẹ́ ni, wọ́n sùn sọ́dọ̀ mi ní Ìgbògbò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ní ilé ti sú àwọn, àwọn fẹ́ lọ wo omi díẹ̀ ní Ipakodo. Apẹja ni wọ́n láti kékeré. Bí wọn ò bá rí omi lóòjọ́, ara wọn kì í balẹ̀. Ọkọ̀ akérò kan ń gúnlẹ̀ sí èbúté, awakọ̀ ju okùn sókè, bàbá mi sì gbá a mú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé, wọ́n ń lọ́ ọ mọ́ òpó irin. Ìgbì fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn. Okùn le, ó sì fún ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn mọ́ òpó, ìka ìfábẹ̀lá, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò. Kí okùn tó dẹ̀, orí ìka náà ti já.

Kíláàsì ni mo wà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nígbà tí ẹnì kan fi fóònù wọn pè mí. Ó ní kí n máa bọ̀ ní ọsibítù, pé bàbá ní kí n má sáré. Mo bá wọn lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ wọn wà nínú aṣọ ìnura ẹlòmíì tó ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Orí ìka náà wà nínú ọ̀rá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé kí n má wò ó.

Dókítà wò ó, ó ní ó ti rún, pé kò ṣeé rán padà. Ọ̀nà méjì ló kù. Òun lè gé egungun tó yọrí kúrú sí i, kí òun fa awọ bò ó; ìka á kúrú, ṣùgbọ́n á tètè jinná. Tàbí kí òun ṣí awọ ẹ̀yìn ìka àárín bí ẹni ṣí ìwé, kí òun má gé e tán, kí òun yí i bo ojú ọgbẹ́, kí òun sì rán ìka méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀ títí awọ náà á fi rí ẹ̀jẹ̀ mu níbùgbé rẹ̀ tuntun. Ìyẹn á gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òun tó yà wọ́n. Awọ díẹ̀ láti itan ni òun á fi dí ẹ̀yìn ìka àárín. Kò fi pamọ́ fún wa pé pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, ìka méjèèjì lè gan.

Bàbá mi fetí sílẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

“Èyí tí kò ṣẹ̀,” wọ́n ní, “òun lẹ fẹ́ bó láwọ?”

Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wojú mi. Ìyá mi ti kú, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, èmi nìkan ni wọ́n lè wò lójú. Mo ní ohun tí wọ́n bá fẹ́ ni ká ṣe. Wọ́n yíjú sí dókítà.

“Ẹ má gé e kúrú mọ́. Ìka yẹn ni mo fi ń di àwọ̀n.”

Báyìí ni wọ́n ṣe padà sí yàrá mi ní Ìgbògbò pẹ̀lú ìka méjì nínú báńdéèjì kan.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé agbára mi ò ká nǹkan yìí. Ọmọbìnrin ni mí. Bàbá mi ò lè bọ́ra sílẹ̀ níwájú mi. Láàárọ̀ àkọ́kọ́ wọ́n dá wọ ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi ọ̀rá wé ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gbé e sókè, èmi sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí korobá ṣubú. Mo gbọ́ tí wọ́n ń mí gúlegúle. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. N kò lè ṣílẹ̀kùn, n kò sì lè kúrò níbẹ̀. Alábàágbé wa kan, bíríkìlà tó wá láti Ọ̀ṣun, ń fọ eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó wò mí, ó tu omi ẹnu rẹ̀ dànù, ó wá kan ilẹ̀kùn.

“Bàbá, èmi ni. Ẹ jẹ́ n bá yín di korobá mú.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ tí wọ́n ṣí ìkọ́ ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ló ń wẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá jáde, bàbá mi kì í wojú ẹnikẹ́ni, títí kan èmi.

Oúnjẹ náà, wọn ò gbà kí n fi bọ́ wọn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń mú ṣíbí, wọn kì í sì í jẹun àfi tí mo bá jáde. Nígbà tí mo bá wọlé, ìdajì á ti wà lára aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí wọn lórí ẹní níparí ìrun, níbi tí èèyàn ti ń na ìka kan ṣoṣo láti jẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ló wà. Ìka méjèèjì ló jùmọ̀ dìde. Wọ́n wò ó, wọ́n sì rọra gbé ọwọ́ náà padà sórí orúnkún. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n bá àwọn bi lémọ́ọ̀mù àdúgbò léèrè. Lémọ́ọ̀mù ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, Ọlọ́run mọ èyí tí wọ́n ń nà. Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn, wọ́n ní àwọn mọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò nà án mọ́.

Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi bí mo ṣe máa wo awọ tuntun náà: kí n rọra tẹ̀ ẹ́, kí n sì wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀. Ó ń padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, etí rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà nínú Márúwá, ẹ̀rù ń bà mí. Ó wò ó, ó ní ká máa wò ó. Mo bi í pé kí ni mo lè ṣe. Ó ní kò sí, ká ṣáà dúró. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó le tó ìyẹn láti ẹnu ẹni tó ń fohùn jẹ́jẹ́ báni sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo dé láti ilé ìwé, mi ò bá wọn nílé. Wọ́n ti pa fóònù. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọn ò sí nílé níbẹ̀ náà. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ló nawọ́ sí etí omi fún mi. Lábẹ́ ibòji ni mo ti rí wọn, àwọ̀n wà lórí ẹsẹ̀ wọn, abẹ́rẹ́ onígi tí wọ́n fi ń tún un ṣe wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n fi eyín di orí òwú mú. Báńdéèjì náà ti rin. Inú ti ń bí mi láti Ìgbògbò. Nígbà tí mo rí wọn bẹ́ẹ̀, n kò mọ ibi tí ìbínú náà gbà lọ.

“Bàbá mi, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é.”

“O ò mọ̀ ọ́n.”

Òótọ́ ni. Wọn kì í kọ́ obìnrin ní àwọ̀n nílé wa. Bí a ṣe ń yan ẹja ni wọ́n kọ́ wa. Mo jókòó tì wọ́n, wọ́n ń sọ ọ́ fún mi: mú un gba ibí, mú un gba abẹ́ rẹ̀, fà á. Kókó tí mo dì tú. Mo tún dì í, ó tún tú. Wọ́n gbàgbé, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún láti fi hàn mí, ìka méjèèjì sì wá pọ̀ bí igi. Wọ́n dá ọwọ́ dúró lófuurufú, ojú wọn le fún ìrora.

“Fi sílẹ̀,” wọ́n ní. “Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n.”

Mo fi sílẹ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀, a sùn sílé wọn, mo sì mú wọn padà láàárọ̀.

Nígbà tí àkókò tó, dókítà ya ìka méjèèjì. Etí tó dúdú náà já bọ́, èyí tó kù yè. Inú dókítà dùn, ó ní awọ náà mú dáadáa, òótọ́ ló sì sọ. Orí ìka náà rí róbótó. Irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ hù síbi tí irun kì í hù sí lára èèyàn, torí pé ẹ̀yìn ìka ni awọ náà ti wá. A ń ki ọwọ́ náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a ń ká àwọn ìka náà, a ń nà wọ́n bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa. Ìka àárín, èyí tí kò ṣẹ̀, kò ká dópin mọ́. Ti ìfábẹ̀lá, bàbá mi ní àwọn ò mọ ìgbà tí òwú bá wà lórí rẹ̀ àti ìgbà tí kò bá sí níbẹ̀. Wọ́n gbìyànjú àwọ̀n náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e fún àbúrò wọn pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti padà sílé wọn ní Ẹ̀pẹ́, Ọjà Olúwo ni wọ́n ń lọ jókòó báyìí, wọ́n ń bá àwọn èèyàn yẹ ẹja wò.

Ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ìka náà sinmi. Ìgbà tí mo lọ kí wọn lọ́yẹ́ tó kọjá, ó ń dùn wọ́n láti ìsàlẹ̀ wá. A jókòó síta, mò ń fi òrí pa á fún wọn, wọ́n yíjú sí ọ̀sà, wọ́n ń wo àwọn tó ń bọ̀ láti odò. Nígbà tó yá wọ́n bi mí, láìbojúwẹ̀yìn, bóyá mo ti fi ìka náà sílẹ̀.

Mo ní rárá, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.