Àáró Tí Mo Dá Dúró

Òórùn igbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ló máa ń dá mi padà sí ọdún tí wọ́n fi mí ṣe olórí àáró ní Massè, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwa mẹ́rìnlá la jọ ń ṣe é: lónìí, gbogbo ọkọ́ á wọ oko tèmi, lọ́la, á wọ oko tìrẹ, títí yóò fi kárí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Èmi ni mo kéré jù nínú wọn, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo kàwé dé kíláàsì tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì mọ bí a ṣe ń to orúkọ sínú ìwé. Ni wọ́n bá ní kí n máa ṣe olórí. Mo ra fìlà kan, mo ra gègé ìkọ̀wé méjì, mo sì gbà pé iṣẹ́ olórí kò ju kó má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lọ. Bàbá mi àgbà ló kúkú kọ́ mi pé ìfura loògùn àgbà. Pé páńsá ò fura, páńsá já sínú iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Mi ò tíì dàgbà, ṣùgbọ́n mo ń mu oògùn àgbà bí ẹni ń mu omi.

Opó kan wà láàárín wa, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, tí ọkọ rẹ̀ kú nínú ọyẹ́ ọdún náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá ilẹ̀ olóògbé láìro, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí nìyẹn. Ilẹ̀ yẹn nìkan sì ni obìnrin náà ní. Nínú ìwé mi, ìsàlẹ̀ pátápátá ni oko rẹ̀ wà, torí pé òun ló wọ àáró kẹ́yìn. Ọkàn mi balẹ̀ pé ààyè ṣì wà. Títí di ọjọ́ kẹfà iṣẹ́, fóònù mi ṣì ń sọ fún mi pé òjò ò ní í rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sí i, ta sì ni mo jẹ́ tí n ó fi pe fóònù ní onírọ́?

Ní ọjọ́ keje, a parí oko ẹnìkan kí ọ̀sán tó pọ́n. Ara wa gbóná, orin ò tíì kúrò lẹ́nu wa, kò sì sẹ́ni tó rántí ilé. Adẹ́mu kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, “Olórí, oko opó ò jìnnà síbí. Jẹ́ ká kúkú kọjá síbẹ̀ báyìí. Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́.” Àwọn kan ti gbé ọkọ́ léjìká. Èmi wo ojú rẹ̀. Kí ló kan adẹ́mu nínú oko opó? Ọ̀pẹ tó wà nínú oko yẹn kì í ṣe kékeré. Mo tún wo bí obìnrin náà ṣe sọ ojú sílẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀: ọkùnrin yìí ń fẹ́ ọ̀pẹ, ó sì ń fẹ́ ọlọ́pẹ.

Mo ní kí wọ́n dúró, pé a ò ní í ro oko kankan mọ́ títí a ó fi ṣèpàdé. Obìnrin àgbà kan nínú wa lanu. “Ìpàdé kẹ̀? Ọmọ mi, ọkọ́ tí a bá gbé sílẹ̀ láìtíì rẹni, ó máa ń wúwo láti tún gbé.” Mo dá a lóhùn pé olórí kì í fi ìwàǹwára ṣèlú. Oníkálukú bá gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo ṣe ìpàdé náà lọ́jọ́ ọjà. Mo ti rán ènìyàn lọ sí Kpoulou, ìlú àwọn àna adẹ́mu tẹ́lẹ̀, kó lọ wádìí irú ẹni tó jẹ́. Mo ní kí adẹ́mu fúnra rẹ̀ búra pé òun ò fẹ́ nǹkan kan lórí ilẹ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò lè búra fún ọmọ tí òun jẹun níbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀, kíkọ̀ rẹ̀ sì tún di ẹ̀rí lójú mi. Àṣé ìfura a máa ràn. Ẹnìkan ní kí ló dé tí oko olórí fi jẹ́ ìkejì nínú ìwé. Òótọ́ sì ni, èmi ni mo fi síbẹ̀. Ẹlòmíì ní àwọn tí a ti ro tiwọn kò ní padà wá mọ́. Ní ìpàdé kejì, àwa mẹ́jọ la pé. Ní ẹ̀kẹta, àwa márùn-ún, tí opó náà jókòó níwájú, tó gbé ọkọ́ lé itan.

Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá sí ọjọ́ tí mo dá wọn dúró tí òjò fi dé. Ó rọ̀ láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí àáró mọ́. Oníkálukú ti sáré lọ gbin àgbàdo sí oko tirẹ̀. Nígbà tí mo dé oko opó, òun, àwọn ọmọ rẹ̀ àti adẹ́mu ni mo bá níbẹ̀, tí ẹrẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ wọn. Mo bọ́ fìlà mi, mo wọ inú oko tọ̀ wọ́n. A ò tíì kọ poro mẹ́wàá tán tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fi dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ẹbí. Kò jà, kò pariwo. Ó so màrìwò mọ́ igi méjì lẹ́nu ọ̀nà oko, ó fi pàálè pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́. Obìnrin náà kó ọkọ́ rẹ̀, ó pe àwọn ọmọ, ó jáde. Ojú tì mí, mo tẹ̀lé wọn jáde.

Lójú ọ̀nà ilé ni mo ti bi adẹ́mu pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń wá gan-an lọ́jọ́ náà?” “Orí ọ̀pẹ ni mo máa ń wà láràárọ̀,” ló wí. “Mo rí i pé afẹ́fẹ́ ti yí. Ìwọ ń wò mí, èmi ń wo òjò.” Kí n má parọ́, ìfura mi ò kú lọ́jọ́ yẹn. Fún odidi ọdún kan, mo ṣì ń retí kó gbé opó náà níyàwó, kí n lè sọ pé mo ti wí bẹ́ẹ̀. Kò gbé e.

Wọ́n ṣì ń pè mí sí ìpàdé káàkiri agbègbè wa, Adja-Ouèrè, báyìí, wọ́n ń bi mí bí a ṣe ń darí ènìyàn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìfura dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn ènìyàn bá ti gbé ọkọ́ léjìká ni a ń wádìí ọkàn ẹni tó ní ká lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ro oko ná. Bó bá ṣe olè ni, ẹ mú un lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Opó náà ń ta gàrí ní ibùdó àwọn ọlọ́kadà, àwọn tí a ń pè ní zémi. Ọwọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ti ń ra ẹ̀gẹ́ tó fi ń ṣe é, láti inú oko tó jẹ́ tirẹ̀ nígbà kan. Bí mo bá ra gàrí, á wọ̀n ọ́n fún mi, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, á ní kí n kí àwọn ọmọ. Mo máa ń wo ojú rẹ̀, mo máa ń wá ìbínú níbẹ̀, mi ò rí i. Bí mo bá délé, ìyàwó mi á tẹ ẹ̀bà, àwọn ọmọ á jẹ. Èmi á ní ebi ò pa mí.