Bébà Tí Àbúrò Mi Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, ọkàn mi ò ní balẹ̀.

Èmi nìkan ni mo lọ yunifásítì nínú àwọn ọmọ bàbá wa. Báyọ́lọ́jì ni mo kà, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní adìẹ jẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ayé yẹn dùn o! Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ àìsàn bá ṣẹlẹ̀ nílé wa, èmi ni wọ́n máa ń bi.

Ìdí nìyẹn tí ìyàwó Káyọ̀dé, àbúrò mi tó ń ta obì ní Ṣàgámù, fi wá bá mi ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní ọkọ òun kì í jẹun àárọ̀ mọ́, àfi páragà. Ó ní kí n bá òun bá a sọ̀rọ̀.

Mo pè é wá sílé mi lóòótọ́. Kí ni mo wá sọ? Mo ní bàbá wa mu ògógóró títí wọ́n fi lé lọ́gọ́rin ọdún, inú kò tiẹ̀ run wọ́n rí. Mo ní jíìnì wọn, ìyẹn àbùdá tí òbí ń bí mọ́ ọmọ, ló wà lára wa. Mo tún yà á sórí bébà: bàbá lókè, àwa méjèèjì nísàlẹ̀. Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti ń ráhùn, yóò kàn nawọ́ sí bébà náà, obìnrin náà yóò sì dákẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ikùn rẹ̀ wú, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ gbé e lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, dókítà, ọmọbìnrin tó kéré sí ọmọ mi, sọ pé ọtí ti sọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ di kìkì àpá, jẹjẹrẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Káyọ̀dé ní, "Dókítà, kò lè jẹ́ ọtí. Jíìnì tiwa le. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló yà á fún mi."

Ọmọbìnrin náà wò mí. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bú mi! Ó kàn ṣàlàyé pé àwọn jíìnì kan wà tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì ara wa. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá bàjẹ́, wọn ò ní jẹ́ kó bí sí i. Wọ́n lè mú kó kú.

Káyọ̀dé ní, "Bí ẹni tó ń ṣa obì tó ní kòkòrò kúrò nínú apẹ̀rẹ̀."

Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní ọgbẹ́ tí ọtí ń dá sí ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́ lè ba àwọn jíìnì náà jẹ́, kódà bí èyí tí wọ́n bí mọ́ni bá dára. Nígbà náà, ta ni yóò tún ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò?

Wọn ò kọ́ wa ní èyí nígbà tèmi. Ṣùgbọ́n ta ni mo bi kí n tó mú bíírò? Kí n má parọ́, èmi náà fẹ́ràn ògógóró. Ara mi ni mo ń gbèjà.

Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ dárí jì mí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo mọ̀ pé ọtí ń pa á. Torí pé ẹ̀yin lẹ kàwé ni mo ṣe dákẹ́."

Káyọ̀dé ṣì ń gba ìtọ́jú. Èmi náà kò mutí mọ́. Lọ́jọ́ kejì tí dókítà bá wa sọ̀rọ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo fọwọ́ ara mi ya bébà náà kúrò. Ojú ibi tó wà ṣì funfun lára ògiri.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń bi léèrè nílé yín, ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ìdánilójú sọ ti ṣi ẹnìkan lọ́nà rí? Ẹ kọ ọ́ síbí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni ojú ń tì.